Páàtì àtúnṣe fún ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́: kí ló dé tí wọn kì í tọ́jọ́?

Ọmọ-Awakọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọkọ̀ akẹ́rù tí bàbá mi fi tọ́ wa ni mò ń wà. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣì le koko, férémù rẹ̀ kò dógùn-ún, mi ò sì ní in lọ́kàn láti tà á. Ọ̀rọ̀ páàtì nìkan ló fẹ́ lé mi kúrò nídìí ẹ̀.

Alternator, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná, mẹ́ta ni mo ti fi sí i láàárín oṣù mẹ́jọ. Àtúnṣe ni gbogbo wọn, inú páálí tó mọ́ tónítóní ni wọ́n ti jáde, ọ̀dà ara wọn sì ń dán. Àkọ́kọ́ lo oṣù márùn-ún. Èkejì kò tíì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi ń ké bí ológbò. Ẹ̀kẹta ló wà lára ọkọ̀ báyìí, iná bátìrì sì ti tún ń ṣẹ́jú sí mi.

Caliper (ohun tó ń fún bùréèkì mú) iwájú lọ́wọ́ òsì náà, àtúnṣe ni. Láti ìgbà tí mo ti fi í sí i ni bùréèkì ti rọ̀ bí tìmùtìmù. Mo tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ títí òróró bùréèkì ìgò méjì fi tán, kò yàtọ̀.

Ẹni tó ń tà á fún mi kì í bá mi jà. Tí mo bá ti gbé èyí tó bàjẹ́ dé, á gbà á, á fún mi ní òmíràn. Ṣùgbọ́n ta ló máa dá gbogbo ọjọ́ tí mo fi sùn sábẹ́ ọkọ̀ padà fún mi? Ta ló máa bá mi bẹ ẹni tí ẹrù rẹ̀ sùn sójú ọ̀nà?

Ní báyìí, kíìkì, mọ́tò tó ń jí ẹ́ńjìnì, náà ti bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, á dún "kà" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ́ńjìnì kò ní yí. Èyí tó bá ọkọ̀ wá ni, wọn ò pààrọ̀ rẹ̀ rí. Lọ́la ni mo fẹ́ gbé e lọ fi gba àtúnṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i kí n tó lọ.

Onírewáyà

Àbúrò, dúró ná. Má gbé kíìkì yẹn fún ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ mi dí, mò ń bọ̀ wá ṣàlàyé.

Ọ̀gá-Mẹkáníìkì

Ẹ jẹ́ kí n mú ti bùréèkì ṣáájú, torí òun ló lè pa èèyàn.

Àbúrò, lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí o wo ibi tí nọ́ọ̀tì tí a fi ń tú afẹ́fẹ́ wà lára caliper yẹn. Ṣé òkè ni àbí ìsàlẹ̀? Òkè ni afẹ́fẹ́ máa ń gbá jọ sí. Tí nọ́ọ̀tì yẹn bá wà nísàlẹ̀, o lè tú u dọ̀la, òróró nìkan ni yóò máa jáde, afẹ́fẹ́ á jókòó rẹrẹ sókè. Ohun tó sì máa ń gbé e dé ìsàlẹ̀ ni pé wọ́n ti caliper ọ̀tún bọ páálí òsì. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, méjèèjì jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀tún á fi wọ òsì láìjà rárá. Má wa ọkọ̀ yẹn títí o ó fi wò ó.

Ẹ̀bi kan tún wà tí wọ́n máa ń gbé lé caliper lórí láìṣẹ̀. Èèyàn á ní caliper àtúnṣe ń há, táyà ń gbóná, á dá a padà, èyí tó tún gbà á há. Róbà bùréèkì, páìpù róbà tí òróró ń gbà dé caliper, ló ti wú nínú. Ìta rẹ̀ á dáa lójú, inú rẹ̀ á ti dí. Agbára ẹsẹ̀ á ti òróró kọjá lọ, òróró kò ní lè dá padà. Nígbà tó bá há, tú nọ́ọ̀tì afẹ́fẹ́ díẹ̀. Bí táyà bá tú sílẹ̀, òróró ló há, róbà ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Bí kò bá tú sílẹ̀, písítìnì ló ti gan, tàbí àwọn pín-ìnnì tí caliper ń rìn lórí wọn.

Ọ̀kan péré kù. Òróró bùréèkì tàbí oògùn tí wọ́n ṣe fún fífọ bùréèkì nìkan ni kí o jẹ́ kó kan àwọn síìlì inú rẹ̀, àwọn róbà tí kì í jẹ́ kí òróró jò. Mo ti rí ẹni tó fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ra síìlì kí písítìnì lè wọlé kíákíá. Síìlì wú, caliper há, ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun.

Alágbẹ̀dẹ-Irin

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ níbi tí a ti ń tún páàtì ṣe, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀dà dúdú yẹn.

Ohun méjì ni àwọn èèyàn ń pò pọ̀. Àtúnṣe ni pé a tú páàtì, a pààrọ̀ ohun tó ti kú, a fọ ìyókù, a dè é padà. Ohun tó kù díẹ̀ kó kú, a ò fọwọ́ kàn án. Àtúnrọ, tí wọ́n máa ń kọ reman sí lára páálí rẹ̀, ni pé a tú u títí ó fi ku ìkarahun, a wọn ojú ibi gbogbo tí irin ti ń fara ra irin, gbogbo ohun tó ń jẹ di tuntun, a sì dán an wò bí wọ́n ṣe dán an wò lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Iṣẹ́ méjèèjì kò jọra rárá, ṣùgbọ́n wọ́n lè jọ wà nínú páálí tó rí bákan náà. Béèrè ohun tí wọ́n pààrọ̀ nínú rẹ̀. Tí ẹni tó ń tà á kò bá lè dáhùn, o ti rí èsì gbà.

Òkú páàtì là ń pe èyí tí ẹ bá gbé wá fi gba òmíràn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀pọ̀ òkú tó ń wọlé kò tíì jẹ́ títú rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Nígbà tí mo fi máa kúrò, òkú ọkọ̀ àtijọ́ tí à ń rí gbà, a ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Àmì tí a ń lù sí i lára nígbàkigbà tó bá gba ọwọ́ wa kọjá wà níbẹ̀ tí à ń kà á. Wọn ò ṣe ọkọ̀ yẹn mọ́, òkú tuntun kò wọlé mọ́, àwọn kan náà ló ń yí po láàárín wa. Ohun tí a bá sì ti fá kúrò lára irin kì í hù padà.

Ẹ wo ṣáàfù iwájú, irin tó ń gbé agbára lọ sí táyà, lára ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Ọ̀nà kan wà nínú oríkèé rẹ̀ tí àwọn bọ́ọ̀lù irin ń gbà. Tí ọ̀nà yẹn bá ti jẹ, a ó lọ̀ ọ́ kó dán, a ó wá fi bọ́ọ̀lù tó tóbi díẹ̀ sí i dípò ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú irin yẹn nìkan ni wọ́n sun kó le, líle náà kò jìn wọnú. Bí a bá ti ń lọ̀ ọ́ ni à ń sún mọ́ irin rírọ̀. Ìdí nìyẹn tí ṣáàfù àtúnṣe fi ń dún "ta-ta-ta" ní kọ́nà lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Tí ṣáàfù tó bá ọkọ̀ rẹ wá kò bá tíì máa dún, tó jẹ́ pé róbà tó bò ó ló ya, má pààrọ̀ ṣáàfù. Tú u, fọ̀ ọ́, fi gírísì tuntun àti róbà tuntun sí i. Ó lè pẹ́ ju méjì àtúnṣe lọ.

Àpótí sítíárìn ńkọ́? Síìlì tuntun ni a máa ń fi sí i. Àmọ́ tí ṣáàfù tí síìlì jókòó lé bá ti dógùn-ún, tó ti ní kòtò kéékèèké, síìlì wo ló máa dá ọ́ìlì dúró lórí kòtò? Á máa jò, wọ́n á ní síìlì ni kò dáa.

Kabúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀ kí wọ́n tó wọ ẹ́ńjìnì, ló dùn mí jù. A óò rì í sínú kẹ́míkà, á dán bíi fàdákà. A óò pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì àti abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ihò tí ṣáàfù ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ ń yí nínú rẹ̀, tó ti fẹ̀, a ò kàn án, torí iṣẹ́ rẹ̀ pẹ́. Afẹ́fẹ́ á máa gba ibẹ̀ wọlé, ọkọ̀ kò ní lè sinmi lórí ìdúró, ẹ ó máa yí súkúrù lójoojúmọ́. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ìdérí láti ara ọ̀kan, ikùn láti ara èkejì, nọ́ńbà wọn kò bára mu. Tí o bá rí kabúrétọ̀ àtúnṣe, di ṣáàfù yẹn mú kí o mì í sókè sódò. Tó bá ń mì, dá a padà láìtíì san kọ́bọ̀.

Máásítà bùréèkì, pọ́ǹpù tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ láti ti òróró lọ: tí inú rẹ̀ bá ti jẹ kòtò, tí wọ́n fá a, ihò á fẹ̀ ju róbà lọ. Èyí tí wọ́n tẹ páìpù idẹ tàbí irin tí kì í dógùn-ún sínú rẹ̀ kí ìwọ̀n rẹ̀ lè padà sípò, ìyẹn ni mo lè fi sára ọkọ̀ tí àwọn ọmọ mi á wọ̀.

Onírewáyà

Mo ti dé. Ẹ ṣé, Alágbẹ̀dẹ, ohun tí ẹ sọ yìí, èmi náà ń tú wọn lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ló rí.

Àbúrò, alternator mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́jọ pọ̀. Ó lè jẹ́ pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dáa. Ó sì lè jẹ́ pé nǹkan kan lára ọkọ̀ rẹ ló ń pa wọ́n. Mítà tí a fi ń wọn iná nìkan ló lè bá wa yanjú rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń lo ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹ ò ní mítà, ẹ wá ọ̀kan.

Kọ́kọ́ wọn bátìrì nígbà tí ọkọ̀ bá ti sùn mọ́jú. Bátìrì tó kún máa ń wà ní nǹkan bíi 12.6 fóòtì. Tó bá jẹ́ 12.2 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, bátìrì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlàjì, kí o fi ẹ̀rọ ìgbáná sí bátìrì kún un kí o tó fi alternator tuntun sí i. A ṣe alternator láti mú bátìrì dúró ní kíkún ni. Ẹni tó bá fi bátìrì elòmíràn ta ọkọ̀ rẹ̀ jí, tó wá ní kí alternator tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà gbé bátìrì tó ti kú tán dìde lójú ọ̀nà, ó ń fi ooru sun dáyódì inú rẹ̀, àwọn ohun tó ń sọ iná AC di DC fún bátìrì, ni.

Lẹ́yìn náà, sáná sí ọkọ̀, kí o wọn ojú bátìrì. Ó yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.5. Wá tan iná iwájú àti fáànù, fi ẹsẹ̀ mítà kan sí ìdí bóòtì tí iná ń gbà jáde lẹ́yìn alternator, ẹsẹ̀ kejì sórí pósítíìfù bátìrì. Ohun tí mítà bá kà níbẹ̀ ni iná tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Tó bá ju 0.5 lọ, waya tàbí orí rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Ṣe bẹ́ẹ̀ láti ara ìkarahun alternator sí nẹ́gátíìfù bátìrì. Tó bá ju 0.2 lọ, ẹ́ẹ̀tì rẹ, ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì, kò dára. Ọkọ̀ tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, àbí wọ́n ti kun ọ̀dà sí àgbékọ́ alternator nígbà kan, ẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ máa ń wá lọ.

Níkẹyìn, yí mítà sí AC (iná tó ń lọ tó ń bọ̀), ẹ́ńjìnì ṣì ń ṣiṣẹ́, kí o tún wọn ojú bátìrì. Tó bá ju 0.5 lọ, ọ̀kan nínú àwọn dáyódì ti lọ. Alternator tí dáyódì rẹ̀ kan kú ṣì lè máa gbé iná, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń tà á fi lè dán an wò lójú rẹ kó tan, kó sì tún wá máa fa bátìrì sílẹ̀ mọ́jú. Tí ọkọ̀ bá ti dúró fún wákàtí mẹ́ta tí ara alternator ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, o ti mọ ẹni tó ń jẹ iná lóru.

Èyí tó ké bí ológbò, tí kì í bá ṣe bẹ́líìtì, bẹ́ríìnì rẹ̀ ni, wọ́n fi èyí tí kò dáa sí i. Wo nọ́ńbà tó wà lára bẹ́ríìnì kí o fi ra èyí tó dáa, nọ́ńbà kì í yí padà. 6203 tó wà níwájú ọ̀pọ̀ alternator, ihò àárín rẹ̀ jẹ́ 17 mm, ìta rẹ̀ 40 mm, nínípọn rẹ̀ 12 mm, ẹni yòówù kó ṣe é.

Ó wá ku kíìkì. "Kà" kan ṣoṣo, tí bátìrì kún, tí orí waya mọ́: tú bátìrì sílẹ̀ ná, sọ kíìkì kalẹ̀, ṣí ìdérí sólínọ́ìdì, ibi tó ń so iná pọ̀ mọ́ mọ́tò rẹ̀. Nínú kíìkì Denso tó wà lára ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́, bàbà méjì ló wà níbẹ̀ tí abọ́ bàbà kan máa ń wá lù láti so iná pọ̀. Bàbà wọ̀nyẹn máa ń jẹ, ẹyọ kan á sì sáré jẹ ju èkejì lọ. Nígbà tí abọ́ kò bá lè kan méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà mọ́, "kà" ni wàá máa gbọ́. Mọ́tò fúnra rẹ̀ lè má ní àbùkù kankan. Bàbà méjì péré lo fẹ́ rà, ìwọ wá fẹ́ gbé mọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn lọ fi gba èyí tí ọwọ́ mẹ́rin ti tú. Ìdí tí mo fi pariwo nìyẹn.

Ìyá-Akẹ́rù

Ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́rin ni mo ń bójú tó, kò sí tuntun nínú wọn. Mi ò mọ mítà lò tó Onírewáyà, àmọ́ mo mọ bí a ṣe ń gba ọjà.

Èmi kì í jẹ́ kí wọ́n gbé òkú páàtì lọ ṣáájú. Lójú mi ni wọ́n á gbé méjèèjì síra, èyí tó bàjẹ́ àti èyí tó dé. A óò ka eyín rẹ̀, a óò wọn ihò bóòtì, a óò wo ibi tí waya ń wọ̀, a óò fi ọwọ́ yí i. Ohun tó bá ń họ nínú ọwọ́ mi lórí tábìlì, mo mọ̀ pé yóò ké lára ọkọ̀. Mo tún máa ń wo abẹ́ ọ̀dà: tí wọ́n bá kun ọ̀dà mọ́ ojú tó yẹ kí gásíkẹ́ẹ̀tì jókòó lé, tàbí mọ́ orí súkúrù, ẹni náà kánjú, mi ò sì mọ ibòmíràn tó ti kánjú.

Ìwé pélébé kan wà fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí páàtì wọlé, iye máìlì tó wà lójú mítà ọkọ̀, ọjọ́ tó kú. Ìwé yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo páàtì àtúnṣe ló ń já mi kulẹ̀. Ṣáàfù àti wọ́tà pọ́ǹpù ló ń já mi kulẹ̀. Wọ́tà pọ́ǹpù tuntun ni mo ń rà ní tèmi, a sì máa ń fọ rádíétọ̀ pọ̀ mọ́ ọn, torí omi tó ti di ẹrẹ̀ á jẹ síìlì èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni pọ́ǹpù sítíárìn. Tí ti tẹ́lẹ̀ bá fọ́, àwọn èérún irin ṣì wà nínú páìpù, ẹ tú gbogbo ọ́ìlì náà dànù kí ẹ tó fi òmíràn sí i.

Ohun kan tí mi ò gbà pẹ̀lú yín: ẹ̀ ń sọ pé kí kálukú máa tú ti ara rẹ̀ ṣe. Ní ti bùréèkì, tí tuntun bá wà, tuntun ni kí ẹ rà. Awakọ̀ mi ní ìyàwó àti ọmọ.

Awakọ̀-Òru

Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí ó dà bíi pé gbogbo àtúnṣe ni kò dáa. Pọ́ǹpù dísù tèmi, tó ń ti dísù wọ ẹ́ńjìnì, àtúnṣe ni, ọdún kẹfà rèé, mi ò tíì ṣí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é gbé e sórí ẹ̀rọ ìdánwò lójú mi, ó wọn iye epo tó ń tú jáde ní ẹnu kọ̀ọ̀kan, ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Ẹni tó bá ní òun tún pọ́ǹpù dísù ṣe tí kò ní ẹ̀rọ yẹn, fífọ̀ ló fọ̀ ọ́.

Ọmọ-Awakọ̀

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mi ò lọ síbi tí mo fẹ́ lọ lánàá mọ́. Abẹ́ ọkọ̀ ni mo sùn sí.

Ọ̀gá, òótọ́ lẹ sọ. Nọ́ọ̀tì afẹ́fẹ́ wà nísàlẹ̀. Òsì ni wọ́n kọ sára páálí, ọ̀tún ló wà nínú rẹ̀. Mo ti gba èyí tó yẹ, ìgbà mẹ́ta péré ni mo tẹ bùréèkì tó fi le. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wa ọkọ̀ yẹn bẹ́ẹ̀, mo gbé àbúrò mi ọkùnrin sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò tíì lè gbé ọkàn mi kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Onírewáyà, 14.2 ló wà lẹ́yìn alternator, 13.1 ló dé bátìrì. Mo fi mítà tọ waya náà lọ, abẹ́ téèpù dúdú kan tí mi ò mọ ẹni tó wé e, bàbà ti di àwọ̀ ewé. Mo pààrọ̀ waya náà, ó ti di 14.0 lójú bátìrì, iná kò ṣẹ́jú mọ́. AC rẹ̀ jẹ́ 0.1. Èyí tó túmọ̀ sí pé kò sóhun tó ṣe ẹ̀kẹta yìí, mo sì ti fẹ́ lọ dá a padà. Ohun tó ń dùn mí ni pé alternator tó bá ọkọ̀ wá ni mo fi gba àkọ́kọ́. Bàbá mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn án rí.

Mo ti ṣí kíìkì. Bàbà kan ti jẹ dé ìdajì, èkejì ṣì dúró. Mo ti ra méjèèjì. Ìbéèrè mi kù méjì: àwọn kábọ̀nù inú rẹ̀ tó ń gbé iná wọ apá tó ń yí, báwo ni màá ṣe mọ̀ pé ó tó pààrọ̀? Ibi tí kábọ̀nù ń fara rà sì ti dúdú, ṣé kí n fi bébà yanrìn líle tó wà nílé bó o?

Onírewáyà

O ṣeun tí o wò ó. Fi kábọ̀nù náà wé tuntun. Tó bá ti kúrú ju ìdajì lọ, pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, má pààrọ̀ ẹyọ kan. Ojú tó dúdú yẹn, bébà yanrìn tó kúnná ni kí o fi nù ún, kí o má ṣe lo bébà dúdú tí a fi ń bó irin, torí èérún rẹ̀ máa ń gbé iná, ó sì lè há sáàárín àwọn bàbà. Fi búrọ́ṣì gbá àárín wọn.

Tí o bá ń di bàbà sólínọ́ìdì, wò ó kí méjèèjì dọ́gba ní gíga, kí abọ́ lè lù wọ́n pọ̀. Má fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ jù. Kí o tó gbé e padà sára ọkọ̀, fi waya bátìrì dán an wò nílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnì kan fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa tàbí kí o fi fáìsì dì í mú. Tó bá dìde, agbára rẹ̀ á yà ọ́ lẹ́nu.